Sítáàfù lọ, íméèlì ilé iṣẹ́ bá a lọ: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atẹ̀wé6

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, àwa mẹ́fà péré la wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú wa. Ọmọkùnrin kan tó bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ló ń bá wa ṣe gbogbo ẹ̀, òun ló ṣí íméèlì, òun ló ra orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, òun ló mọ pásíwọ́ọ̀dù ojú ewé Facebook wa. Oṣù tó kọjá ó ríṣẹ́ míì, a bá a yọ̀, a ṣàdúrà fún un, ó lọ. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ ṣí íméèlì lórí fóònù tuntun ni wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́, nọ́ńbà ọmọ yẹn ni kóòdù ń lọ!

Mo ṣì ń ro ti ìyẹn lọ́wọ́ ni kọ́sítọ́mà wa kan pè láàárọ̀ yìí, ó ní "mo ti san owó yẹn sínú ákáǹtì tuntun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ o". Ákáǹtì tuntun wo? A ò pààrọ̀ ákáǹtì kankan. Ó fi íméèlì náà hàn mí, orúkọ wa ni, lógò wa ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tá a jọ ń bá bọ̀ gan-an ló wà níbẹ̀, iye owó náà pé géérégé. Orí mi wú.

Ẹnì kan ní kọ̀ǹpútà iwájú níbi tá a ti ń gbàlejò ló ti kó fáírọ́ọ̀sì torí ó ń falẹ̀ bí ìgbín, kí n lọ ra antivirus olówó ńlá. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú.

Ọ̀gá_Wáyà

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé. Kí kọ́sítọ́mà yín pe báńkì tiẹ̀ nísinsìnyí, pípè ni o, kó má kọ íméèlì, kó sọ fún wọn pé jìbìtì ni, kí wọ́n bá báńkì tówó bọ́ sí sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá owó náà dúró. Àwọn wákàtí àkọ́kọ́ yìí ló ṣe kókó, tówó bá ti kúrò nínú ákáǹtì yẹn bọ́ sí òmíì, tó tún ti ibẹ̀ bọ́ sí ẹlòmíì, àwátì nìyẹn. Kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kẹ́ni kankan má sì pa íméèlì yẹn rẹ́, ẹ̀rí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọjú sí íméèlì. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti ń fi gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà nínú ákáǹtì náà hàn yín, kẹ́ ẹ lé gbogbo wọn jáde, torí pásíwọ́ọ̀dù tuntun nìkan kì í fìgbà gbogbo lé ẹni tó ti jókòó sínú ilé tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ wá lọ sí Settings, ẹ yẹ Filters àti Forwarding wò dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ ibi tí lẹ́tà tó bá wọlé máa lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn gbájú-ẹ̀ yìí kì í kánjú. Wọ́n á wọnú íméèlì èèyàn, wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́ síbẹ̀, wọ́n á máa kà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ta ló jẹ yín lówó, ìgbà wo lẹ máa ń fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń kí kọ́sítọ́mà yín. Ọjọ́ tówó ńlá bá fẹ́ wọlé ni wọ́n á tó yọjú. Kẹ́ ẹ má bàa rí èsì tí kọ́sítọ́mà bá kọ, wọ́n á ti ṣe é sínú Settings pé lẹ́tà tó bá ti ní ọ̀rọ̀ báyìí-báyìí nínú kó má dé iwájú yín rárá.

Ẹni_Tòní

Kí lẹ tún ń wá kiri? Ọmọ tó lọ yẹn ni! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ mú un fún ọlọ́pàá.

Atẹ̀wé6

Ọ̀gá_Wáyà, mo rí i o! Yéè! Filter méjì ló wà níbẹ̀ tí kò sí èyí táwa ṣe nínú ẹ̀. Ọ̀kan ń fi gbogbo lẹ́tà tó bá ní 'payment' nínú ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan tí mi ò mọ̀ rí, ìkejì ń kó gbogbo lẹ́tà kọ́sítọ́mà yẹn pamọ́ sí Archive, ó tún ń sọ ọ́ di èyí tá a ti kà. Mo ti pa méjèèjì rẹ́. Mo ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà. Kọ́sítọ́mà ti pe báńkì ẹ̀, wọ́n ti gba ẹjọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá_Wáyà

Ẹ ò bá ti ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, ó ti bọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, orí kọ̀ǹpútà wo lẹ ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù?

Atẹ̀wé6

Ti iwájú. Òun nìkan ni íméèlì ṣì ṣí sílẹ̀ lórí ẹ̀.

Ọ̀gá_Wáyà

Èyí tó ń falẹ̀ yẹn?! Àǹtí, ẹ ti mú kọ́kọ́rọ́ tuntun lé olè lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ yọ, ẹ pa Wi-Fi ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí tá a fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ fi fóònù yín tún pásíwọ́ọ̀dù náà pààrọ̀.

Atẹ̀wé6

Fóònù ló ń bèèrè kóòdù yẹn o, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ló ń lọ.

Ìyá_Lẹ́jà

Ẹ pe ọmọ náà! Ṣé ẹ ti pè é ni? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí bí ẹni pé ó ti kú. Àti ìwọ Ẹni_Tòní, ìwọ ò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ o ti fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó ní pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ kí ló fẹ́ fi filter ṣe? Àbúrò mi, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, ẹ sọ pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má bá a ṣẹjọ́. Nínú mẹ́wàá tí mo ti rí irú ẹ̀, ó ṣòro kí n tó rí ọ̀kan tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, wọn ò rántí ni, ẹ̀yin náà ò sì bèèrè.

Atẹ̀wé6

Ẹ ò ní gbàgbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dún ló gbé e. Ó ní òun gan-an ti ń ṣe kàyéfì nípa kóòdù tó ń wọlé sí fóònù òun lóru, òun rò pé àwa là ń ṣiṣẹ́ àṣemọ́jú. LÓRU! Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ó ka kóòdù fún mi, mo wọlé, a yọ nọ́ńbà ẹ̀, a fi tèmi sí i. Ó tún ní òun máa wá lọ́jọ́ Sátidé wá yí orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì àti Facebook padà fún wa. Ojú tì mí pé ọkàn mi ti kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bùMéjì

Tó bá ti fẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó dùn mí wọra. Ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún èmi ló fi orúkọ ara ẹ̀ rà á, nígbà tó tó àkókò láti san owó ọdọọdún, ìránnilétí ń lọ sí íméèlì ẹ̀ tí kò lò mọ́, orúkọ náà kú, ẹlòmíì sì rà á. Ọdún mẹ́rin tí mo fi kọ ọ́ sára káàdì àti ara báàgì, ó di ti onítẹ́tẹ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ ilé iṣẹ́ yín ló wà níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ni ín, kí owó ẹ̀ máa san ara ẹ̀ lọ́dọọdún, kí íméèlì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ má sì jẹ́ èyí tó ń lo orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn kan náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í sábà yé èèyàn títí ó fi máa ṣẹlẹ̀ sí i, torí lọ́jọ́ tí orúkọ náà bá kú, íméèlì náà bá a kú nìyẹn, ẹ ò ní gba lẹ́tà tó ń sọ fún yín pé ó ti kú. Facebook náà, kí ádímíìnì má jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, kó jẹ́ méjì. Kẹ́ ẹ wá ní ìwé kan, ìwé gidi oníbébà o, tẹ́ ẹ kọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ ní ákáǹtì sí, ta ló ni ín, nọ́ńbà ta ló wà níbẹ̀. Ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú ẹ̀.

Ìyá_Lẹ́jà

Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa wá. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ ìwé owó fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, mi ò rí jìbìtì tó rọrùn tó èyí rí. Ẹ má rò pé àìgbọ́n yín ni. Ará Lithuania kan, Evaldas Rimasauskas, ló ṣe bíi pé òun ni Quanta Computer, ilé iṣẹ́ Taiwan tó ń bá Google àti Facebook da òwò pọ̀, ó ń fi ínfọ́ìsì èké ránṣẹ́ láàárín 2013 sí 2015, Google sanwó, Facebook sanwó, owó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Google o! Ọdún 2019 ni wọ́n tó jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ohun táwọn èèyàn pàdánù sí irú jìbìtì íméèlì yìí, tí wọ́n fi tó FBI létí lọ́dún 2023 nìkan, bílíọ̀nù 2.9 dọ́là ni.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nìyí. Nọ́ńbà ákáǹtì kì í yí padà nípasẹ̀ íméèlì. Kì í yí padà nípasẹ̀ WhatsApp. Ẹni tó bá ní ákáǹtì òun ti yí padà, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà náà, torí ọlọ́jìbìtì ló máa gbé èyí tó wà nínú lẹ́tà. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì yín gàdàgbà pé "A kì í fi íméèlì pààrọ̀ nọ́ńbà ákáǹtì wa, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó san". Tówó bá ti kọjá iye kan tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde, kódà bó jẹ́ ọ̀gá ló ní kí wọ́n san án. Pàápàá bó bá jẹ́ ọ̀gá ló sọ ọ́ tó tún ní kí wọ́n ṣe é kíákíá kí wọ́n má sọ fẹ́nì kankan.

Ohùn náà kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kan ní Hong Kong ní ilé iṣẹ́ Arup, àwọn ẹnjiníà, wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá rí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ayédèrú ni gbogbo wọn, kọ̀ǹpútà ló ṣe ojú àti ohùn wọn. Mílíọ̀nù 200 owó Hong Kong ló bá a lọ. Ẹ̀yin ẹ sì pè padà, pípè padà ò náni ní nǹkan kan.

Ọ̀gá_Wáyà

Ire! Àǹtí, ẹ tún bá mi wo àdírẹ́sì tí íméèlì èké yẹn ti jáde, lẹ́tà sí lẹ́tà, lórí kọ̀ǹpútà, torí fóònù máa ń fi àdírẹ́sì pamọ́, orúkọ nìkan ló ń gbé jáde.

Atẹ̀wé6

Háà. Níbi tó yẹ kí 'm' wà, 'r' àti 'n' ni wọ́n so pọ̀. Mo wò ó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó hàn sí mi.

Ọ̀gá_Wáyà

Mo rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi àdírẹ́sì yín gan-an ránṣẹ́ ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín ṣe SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín gan-an ni lẹ́tà ti wá. Ẹ ṣáà ní kó ṣe é náà, ó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà yín dé inbox èèyàn, kò sì ní jẹ́ kó rọrùn fún ẹlòmíì láti gbé orúkọ yín wọ̀. Àmọ́ kò ní dá 'r' pẹ̀lú 'n' dúró o, torí àdírẹ́sì tiwọn nìyẹn, wọ́n rà á ni. Ojú àti fóònù nìkan ló ń mú un.

Alátùnṣe

Ẹ jẹ́ n dá sí ti kọ̀ǹpútà iwájú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, iṣẹ́ ìtẹ̀wé lẹ ń ṣe: sọ́fítíwià tẹ́ ẹ fi ń ya iṣẹ́, ṣé ẹ rà á ni àbí ẹnì kan bá yín "fi í sí i"?

Atẹ̀wé6

…Wọ́n bá wa fi í sí i ni. Bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní ká kọ́kọ́ pa antivirus kó tó lè wọlé.

Alátùnṣe

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú. Ohunkóhun tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kóun tó wọlé, ẹ rò ó wò, bí àlejò tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so ajá yín mọ́lẹ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ nínú sọ́fítíwià tí wọ́n já ìdè ẹ̀ báyìí kéèyàn má bàa rà á ló ń gbé olè kan dání tí wọ́n ń pè ní infostealer. Kì í ba nǹkan jẹ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn fura. Yóò kó gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ní kí Chrome bá yín pa mọ́, yóò tún kó kúkì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kúkì torí kì í yé èèyàn: tẹ́ ẹ bá ti wọlé síbi kan, wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà máa fún yín ní nǹkan kékeré kan bíi tíkẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá tún padà wá, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa wò, kò ní bèèrè pásíwọ́ọ̀dù mọ́, kò ní bèèrè kóòdù. Olè tó bá jí tíkẹ́ẹ̀tì náà wọlé ni, bó ti wù kí pásíwọ́ọ̀dù yín le tó. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, á tún fi pásíwọ́ọ̀dù tó kó gbìyànjú. Àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ìyẹn ni kóòdù òru tí ọmọ yẹn ń gbà.

Ẹ má gbìyànjú láti fọ kọ̀ǹpútà yẹn o. Ẹ kó fáìlì iṣẹ́ yín kúrò lórí ẹ̀, fáìlì iṣẹ́ nìkan, ẹ má kó sọ́fítíwià kankan, kẹ́ ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tún Windows gbé sórí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tó bá ti gba orí kọ̀ǹpútà yẹn kọjá, pátá, títí kan ti báńkì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Antivirus olówó ńlá? Ẹ fowó yín pa mọ́. Defender tó bá Windows wá tó fún ilé iṣẹ́ ẹni mẹ́fà, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Sọ́fítíwià tẹ́ ẹ fi ń ya iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fowó náà rà, tàbí kẹ́ ẹ lo Inkscape, Scribus, GIMP, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, lóòótọ́ ó máa gba kéèyàn kọ́ ọ.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù

Àti update, ẹ̀yin àgbà. Èèyàn á máa sún un síwájú lójoojúmọ́ torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì WannaCry tó jà káàkiri ayé ní May 12, 2017, tó ti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù March. Oṣù méjì gbáko! Ẹni tó ṣe update kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Windows 10 náà, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ ẹ̀ dúró, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ìyẹn àfikún àtúnṣe ààbò, ẹ yẹ tiyín wò.

Alátùnṣe

Òótọ́ ni. Àti pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo sítáàfù máa pààrọ̀ tiwọn loṣooṣù.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, ibẹ̀ ni mi ò ti ní gbà. Tẹ́ ẹ bá fipá mú èèyàn pààrọ̀ ẹ̀ loṣooṣù, ohun tó máa ṣe ni pé Janúárì á jẹ́ Iṣẹ́01, Fébúárì á jẹ́ Iṣẹ́02, tàbí kó kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà. NIST, àjọ ìjọba tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ní láti 2017 pé kí wọ́n má fipá múni pààrọ̀ ẹ̀ láìnídìí mọ́, ìgbà téèyàn bá fura pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni kó pààrọ̀ ẹ̀. Gígùn ló ń jẹ́ kó le. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí kò bára wọn tan, téèyàn tò tẹ̀ léra, sàn ju P@ss1 lọ fíìfíì.

Ohun tó ń pa èèyàn jù ni kó jẹ́ pé pásíwọ́ọ̀dù kan náà ló wà níbi gbogbo. Wọ́n á jí i níbi kékeré kan téèyàn ti gbàgbé, wọ́n á wá gbé e lọ dán wò lára íméèlì ẹ̀. Ẹ lọ kọ íméèlì yín sínú Have I Been Pwned, ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ ibi tó ti jò fún yín, ẹnu á yà yín. Kẹ́ ẹ wá lo áàpù tó ń bá èèyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, Bitwarden wà, KeePass wà, ẹyọ kan péré lẹ máa há sórí.

Lẹ́yìn ẹ̀, kóòdù ìgbésẹ̀ kejì lórí gbogbo ẹ̀. Áàpù tó ń yọ kóòdù lórí fóònù sàn ju kóòdù SMS lọ torí àwọn ọlọ́jìbìtì lè lọ gba síìmù yín, àmọ́ SMS sàn ju òfo. WhatsApp ilé iṣẹ́ náà ní tiẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà sí i. Kẹ́ ẹ tún wo Linked devices, bóyá kọ̀ǹpútà ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ ti so mọ́ ọn. Àwọn kóòdù pàjáwìrì tí íméèlì bá fún yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Atẹ̀wé ṣáà lẹ̀yin.

Alátùnṣe

Hmm. Iṣẹ́01, Iṣẹ́02. Ọmọ yìí ti wo ara kọ̀ǹpútà mi ni o 😂 Mo gbà fún ẹ. Àmọ́ ọjọ́ tí sítáàfù bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ohun tó mọ̀, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tó.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù

Ìyẹn dájú sà. Ààbò fún òun náà ni, ẹnì kankan ò ní lè ká a mọ́ ohun tí kò ṣe.

Ẹni_Tòní

Mo gbọ́, mo gbọ́. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ṣọ́ọ̀bùMéjì

Ẹ̀yin onítẹ̀wé náà, fíláàṣì kọ́sítọ́mà ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń kó fíláàṣì wá síbi iṣẹ́.

Alátùnṣe

O ṣeun tó o rántí. Ẹ ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ fún fíláàṣì àlejò, ti àtijọ́ kan náà tó, kó má ní íméèlì kó má ní báńkì lórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí Windows máa fi ìrù orúkọ fáìlì hàn, ó wà nínú View, "File name extensions". Lọ́dún 2000 tí fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU jà, orúkọ fáìlì ẹ̀ ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs, ọ̀pọ̀ ò rí .vbs yẹn torí Windows gé e kúrò lójú wọn, wọ́n rò pé ìwé lásán ni. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ṣì ń dá pẹ̀lú .pdf.exe títí dòní.

Atẹ̀wé6

Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ti fáìlì iṣẹ́ wá ńkọ́? Gbogbo iṣẹ́ kọ́sítọ́mà wa ló wà lórí háàdì kan tó máa ń wà lára kọ̀ǹpútà iwájú yẹn ní gbogbo ìgbà. Backup nìyẹn, ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ń sọ, àbí?

Ọ̀gá_Wáyà

Rárá o. Bó bá jẹ́ pé ransomware lẹ kó ni, ìyẹn èyí tó ń ti fáìlì pa tó wá ń bèèrè owó, ohun tó bá ti so mọ́ kọ̀ǹpútà ló máa tì pa pẹ̀lú ẹ̀. Kíláòdù tó ń ṣe sync náà kì í ṣe backup, tẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ́ níbí, yóò pa á rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ohun tá a máa ń sọ ni 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì tó yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́. Fún yín, háàdì méjì ti tó: ọ̀kan wà níbi iṣẹ́, ìkejì wà nílé yín, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ẹ pààrọ̀ wọn, tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán ẹ YỌ Ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Mo fẹ́ràn ìtàn Maersk. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá yẹn, fáírọ́ọ̀sì NotPetya kọlù wọ́n ní June 2017, ó pa kọ̀ǹpútà wọn kárí ayé, ó tún pa gbogbo ẹ̀rọ tó mọ orúkọ àti àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, gbogbo wọn ló jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, wọ́n sì so kọ́ra. Ẹyọ kan ló yè, ti Gánà, torí iná lọ níbẹ̀ kí jàǹbá náà tó dé, ẹ̀rọ náà ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara ẹ̀ ni wọ́n ti gbé gbogbo ilé iṣẹ́ náà dìde padà. Nítorí náà, backup tí kò so mọ́ nǹkan kan ni backup.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù

Kẹ́ ẹ máa dán an wò. GitLab, ilé iṣẹ́ tó kún fún àwọn ọ̀jáfáfá, pa dátábéèsì ara wọn rẹ́ ní January 31, 2017. Oríṣi ọ̀nà backup márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ mú fáìlì kan lóṣù, ẹ gbé e padà, ẹ ṣí i, bóyá ó ṣí. Tí ransomware bá sì mú ẹnikẹ́ni, kó tó ro owó sísan, kó lọ wo No More Ransom, Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, àti ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2016, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn kan nínú ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bùMéjì

Wi-Fi náà: ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tó bá router wá, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi yẹn. Kọ́sítọ́mà kó máa lo ti àlejò.

Atẹ̀wé6

*Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà.*

Mo ní kí n má lọ láìjábọ̀. Báńkì rí díẹ̀ dá dúró nínú owó yẹn, ó lé díẹ̀ ní ìdajì, ìyókù ti lọ. Èmi àti kọ́sítọ́mà jókòó, a jọ pín àdánù náà, ó ní òun náà ò bá ti pè. Ó ṣì ń gbéṣẹ́ wá. Ọmọ wa wá lọ́jọ́ Sátidé bó ṣe wí, orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti di tilé iṣẹ́, Facebook ti ní ádímíìnì méjì. Ìwé bébà wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n padà wá gan-an nìyí. Lánàá, ẹni tó ń ta íǹkì fún wa kọ íméèlì pé ákáǹtì òun ti yí padà. Ọmọbìnrin tó ń san owó fún wa ò bi mí, ó gbé fóònù ó pè é. Òótọ́ ni, ó yí i padà lóòótọ́, ọkùnrin náà bínú pé ṣé a fẹ́ pe òun lólè ni. Ọmọ náà wá ń wò mí bóyá òun ṣe àṣìṣe. Mo gba fóònù, mo ní ọ̀gá ẹ má bínú, bá a ó ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ó ku ìbéèrè kan. Kọ̀ǹpútà iwájú yẹn ti gbó, a ò fẹ́ tún un ṣe mọ́, ẹnì kan fẹ́ rà á. Tí mo bá ti pa fáìlì rẹ́ ó tó, àbí?

Alátùnṣe

Kò tó. Pípa fáìlì rẹ́ kàn ń yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé ni, fáìlì ṣì wà nílẹ̀ títí nǹkan míì fi máa gorí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ra kọ̀ǹpútà, ẹ yọ háàdì inú ẹ̀ sílẹ̀, ìdè mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Kó lọ ra tuntun sí i.

Atẹ̀wé6

Ìdè márùn-ún ni. Mo ti yọ ọ́ 😄